Ìsọ̀ Tí Ó Ní Táyà

Ọmọ kéwú wa àtijọ́ kan wá bá wa nílé láìpẹ́ yìí, ó ní òun wá gba ìmọ̀ràn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni ó fi ń ṣe káàdì ìpè, ìwé ètò ìnáwó àti kàlẹ́ńdà. Kò ní ọ̀gá, kò sì gba owó oṣù. Ẹni tí ó bá gbé iṣẹ́ wá ni ó ń ṣe é fún. Ó ní owó ṣọ́ọ̀bù ti ń jẹ èrè òun tán, nítorí náà òun fẹ́ ra bọ́ọ̀sì àlòkù, kí òun tẹ́ ibùsùn sí i, kí òun sì máa lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nínú rẹ̀ láàrin Ore àti Odigbo, níbi tí owó kòkó ti ń rìn. Ó ní, "Aáfà, mo gbọ́ pé ẹ̀yin náà ṣe é rí. Ṣé ó dáa, sà?"

A rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́ ni a ṣe é rí. Láti ẹ̀ẹ̀rùn 2006 títí di ti 2012 ni ọkọ̀ jẹ́ ilé àti ìsọ̀ fún wa. Ìdáhùn tí a fún un lọ́jọ́ náà kò kún tó, nítorí pé ojú ń tì wá láti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn wá. Ṣùgbọ́n àgbà tí ó bá fi ibi tí òun ti ṣubú pamọ́ fún ọmọdé, kò ṣe ọmọdé lóore. Ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ náà wá sójú ewé.

Ìwó ni ilé-kéwú wa wà. Gbogbo ẹni tí ó bá ti kọ́mọ ní kéwú ni ó mọ̀ pé ohun tí òbí ń mú wá kì í tó bọ́ ilé. A ti kọ́ ìwé títẹ̀ nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà, nítorí náà a ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn tí ń ṣe é ní ìgboro pọ̀ ju àwa lọ. Àmọ́ àwọn ará ìlú wa tí wọ́n ń dáko kòkó ní agbègbè Odigbo kò níye. Bí wọ́n bá wálé Iléyá, wọn a máa ráhùn pé bí àwọn bá fẹ́ tẹ ìwé ojú kan péré, àwọn ní láti fi iṣẹ́ oko sílẹ̀ lọ sí Ore. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí wọ oṣù kejì ni ìkórè kòkó tí ó tóbi jù. Ìgbà yẹn náà ni òjò dá, tí ọ̀nà oko gbẹ, tí bọ́ọ̀sì lè wọ inú aba. Bí owó bá ti jáde, ìgbéyàwó, ìsìnkú, wòlímà àti ìwé ẹgbẹ́ jáde nìyẹn.

Kí ènìyàn máa tẹ̀lé ìgbà lọ wá oúnjẹ kì í ṣe ohun tuntun. Sūrà Kùráéṣì dárúkọ ìrìn-àjò méjì tí àwọn ará Mọ́kà máa ń rìn, ọ̀kan ní ìgbà òtútù, èkejì ní ìgbà ooru. Àwọn onítumọ̀ sì ṣàlàyé pé Yẹ́mẹ̀n ni wọ́n ń lọ nígbà òtútù, Ṣáámù nígbà ooru. Ní Amẹ́ríkà lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ní ọkọ̀ tí a kọ́ ibùsùn àti ààrò sínú rẹ̀. Bí òtútù bá ti ń bọ̀ ní ìhà àríwá, wọn a wa ọkọ̀ wọn lọ sí aṣálẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Arizona. Lẹ́bàá ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Quartzsite, ìjọba ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn láti ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin. Àwọn kan nínú wọn ti fẹ̀yìntì, àwọn mìíràn ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wọn lọ nínú ọkọ̀ náà. Òtútù ni àwọn ń sá fún. Àwa ń lé owó kòkó. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni.

Bọ́ọ̀sì Volkswagen tí ó ti darúgbó ni a rà. A tú àga ẹ̀yìn rẹ̀, a fi pákó kan ibùsùn, abẹ́ ibùsùn sì di ilé ìwé àti yíǹkì. Tábìlì kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn fún kọ̀ǹpútà. Kẹ́ẹ̀gì omi méjì, sítóòfù, àpò ẹ̀fọn, ẹní àti kẹ́tùrù àlùwàlá ni ẹrù ilé wa. Bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, a ó gba Gbọ̀ngán, Ilé-Ifẹ̀ àti Oǹdó bọ́ sí Odigbo, kí a tó dé Ore. Ẹnìkejì wa ní ilé-kéwú ni ó ń dúró ti àwọn ọmọ, a sì ń pín nínú èrè náà fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ore, ẹ mọ̀ pé ìlú ìdúró ni. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ Èkó tí ń lọ sí Benin àti ìhà ìlà-oòrùn ti ń dúró jẹun. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Oǹdó àti ti Okitipupa ti pàdé. Ogun abẹ́lé pàápàá, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra ń bọ̀ wá sí ìhà Èkó ní 1967, Ore ni wọ́n dé kí a tó dá wọn dúró. Ìlú tí kì í sùn dára fún ọjà, kò dára fún oorun. Nítorí náà a ṣe ètò: Àtìní àti Àtàláátà ní Ore, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé olóúnjẹ kan tí ó yọ̀ǹda àyè fún wa, Àlàrùba àti Àlàmísì nínú aba, Jímọ̀ ní Odigbo. A kì í gúnlẹ̀ síbi kan láìkọ́kọ́ rí baálẹ̀ tàbí onílé. Àlejò tí ó bá gba àyè kí òkùnkùn tó ṣú, àwọn ọmọ ilé ni yóò bá a ṣọ́ ẹrù rẹ̀.

Iṣẹ́ náà ní ìnira tirẹ̀. Eruku ọyẹ́ ń wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, bí a kò bá fi aṣọ bò ó, ojú ìwé a ní ìlà dúdú. Àgbẹ̀ kì í wá lọ́sàn-án. Lẹ́yìn Ìṣáì ni wọ́n ń dé, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ kékeré wa a máa ké dòru. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí èyí: bí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ pa á, ẹ má sì gbé e sínú ọkọ̀ tàbí sẹ́bàá fèrèsé nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Èéfín rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Ní ti owó, a kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ káàdì láìgba ìdajì, nítorí pé káàdì tí a ti tẹ orúkọ ìyàwó sí, a kò lè tà á fún ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ìrun náà ń fẹ́ ìmọ̀. Àwọn ọmọ a máa bi wá bóyá ẹni tí ń gbé inú ọkọ̀ lè máa gé Ayìlà, Àláásárì àti Ìṣáì sí méjì méjì títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi parí. Ní ojú ọ̀nà Màlíkì tí a ń tọ̀ níhìn-ín, bí arìnrìn-àjò bá ti pinnu láti lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko níbì kan, yóò máa kí ìrun rẹ̀ pé. Ní agbègbè tí a ti ní àyè àti oníbàárà fún oṣù mẹ́ta, a kò ka ara wa sí arìnrìn-àjò. A ń kí i pé. Táyà kò sọ ènìyàn di arìnrìn-àjò, ìpinnu ọkàn rẹ̀ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn wá nìyí.

Ní oṣù kejìlá 2009, àgbẹ̀ méjì wá bá wa nínú aba kan lálẹ́ ọjọ́ Àlàmísì. Ọ̀kan fẹ́ yá owó lọ́wọ́ èkejì láti fi tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Kò sí èlé nínú rẹ̀, ìkórè tí ń bọ̀ ni yóò fi san án. Owó tí ẹni tí ń yáni mú lọ́wọ́ kò pé. Ó ní òun yóò gba ìyókù lọ́wọ́ àwọn tí ń ra kòkó ní òwúrọ̀. Ó ti rẹ̀ wá, epo jẹnẹrétọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Odigbo sì ni a ń lọ lẹ́yìn Àsùbáà nítorí Jímọ̀. A tẹ ìwé náà ní ẹ̀dà méjì, a fi àlàfo sílẹ̀ níbi iye owó, a ní bí owó bá ti pé, kí wọ́n fi bírò kọ ọ́ sí i. Wọ́n san owó iṣẹ́ wa, wọ́n sì ṣàdúrà fún wa. A kò mú ẹ̀dà kankan sọ́wọ́. Ilẹ̀ mọ́, a wa ọkọ̀ wa lọ.

Nígbà tí a padà dé ní oṣù kọkànlá 2010, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mú wa lọ. Ẹni tí ó yá owó ti kú nígbà òjò. Ìwé tí ó wà lọ́wọ́ opó rẹ̀ ní ₦150,000. Ìwé tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó yá a lówó ní ₦250,000. Ó ní òun fi ₦100,000 kún un ní ọjọ́ kẹta, àti pé ìwé kan ṣoṣo ni àwọn rántí tún kọ. Opó náà ní ọkọ òun kò sọ bẹ́ẹ̀ fún òun. Wọ́n ti wá wa láti oṣù karùn-ún. Wọ́n lọ sí gáréèjì Ore, wọ́n bi olóúnjẹ léèrè, ohun tí ó mọ̀ kò ju pé ará Ìwó ni wá. Nọ́ńbà tí a kọ sára ọkọ̀ kò lọ mọ́, nítorí pé fóònù wa ti sọnù, a sì ti ra láìnì mìíràn. Baálẹ̀ bi wá níwájú gbogbo wọn pé, "Aáfà, èló ni ẹ kọ?" A ní àlàfo ni a fi sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bú wa. Ìdákẹ́jẹ́ tí ó tẹ̀ lé e wúwo ju èébú lọ.

Àwọn àgbà parí rẹ̀ sí ₦200,000, láti inú kòkó àwọn ọmọ òrukàn. Bóyá opó náà san ju ohun tí ó yẹ lọ, bóyá ọkùnrin náà pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀; di òní yìí, a kò mọ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé ilé méjì tí wọ́n ń jẹ nínú àwo kan náà kò kí ara wọn mọ́ ní mọ́sálásí. A dá owó iṣẹ́ wa padà fún ìdílé méjèèjì, ṣùgbọ́n owó ojú ìwé méjì kò lè tún irú ìyẹn ṣe. Àyà tí ó gùn jù nínú Àlùkùránì, tí ó wà nínú Sūrà Bàkárà, lórí gbèsè kíkọ sílẹ̀ àti ẹlẹ́rìí ni ó dá lé. Àìmọye ọmọ ni àwa fúnra wa ti kọ́ ní àyà náà lórí wàláà.

Láti ìgbà náà ni a ti yí ètò padà. A ra ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan. Gbogbo iṣẹ́ ni ó ní nọ́ńbà, ọjọ́, orúkọ àti iye. Ìwé àdéhùn di ẹ̀dà mẹ́ta, ẹ̀kẹta a máa wà lọ́wọ́ baálẹ̀ tàbí lémọ́ọ̀mù aba náà. A ń kọ iye owó ní fígọ̀ àti ní ọ̀rọ̀, ẹlẹ́rìí méjì a sì fọwọ́ sí i lójú wa. Bí owó kò bá tíì pé, ìwé náà kò ní jáde. A ó dúró, bí Jímọ̀ ọ̀la tilẹ̀ máa jẹ́ ti inú aba. A kọ àdírẹ́sì ilé wa ní Ìwó sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, a sì fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ olóúnjẹ ní Ore. Àwọn kan rò pé ọ̀fẹ́ ni ẹni tí kò san owó ṣọ́ọ̀bù fi ń ṣòwò. Rárá o. Ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù, bí ó bá ṣe àṣìṣe, wọn a ká a mọ́ ibẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ ní táyà ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ohun tí a ó fi rí i sílẹ̀.

Ọ̀nà ti rọrùn fún ọmọ wa yìí ju tiwa lọ. Páńẹ́ẹ̀lì olóòrùn lè gbà á lọ́wọ́ ariwo àti èéfín. Ó lè fi fóònù ya àwòrán ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ sí, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí tọ̀tún-tòsì lórí WhatsApp kí ó tó yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Àmọ́ fóònù kò ní ṣe é fún un bí òun fúnra rẹ̀ bá ń kánjú àti lọ.

Ó tún padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ó ní òun ti rí bọ́ọ̀sì kan ní Oǹdó, kí ni òun yóò kọ́kọ́ rà sínú rẹ̀, ṣé ibùsùn ni tàbí bátìrì? A wọ yàrá, a mú ìwé ẹlẹ́yìn líle tí a kò tíì kọ nǹkan sí jáde, a sì fi lé e lọ́wọ́. Kí Ọlọ́hun Ọba fi ìbùkún sí ọ̀nà rẹ̀, kí Ó sì jẹ́ kí a lè rí wa níbi tí a bá ti ṣiṣẹ́. Àmín.