Ogun Inú Asọ̀rọ̀mágbèsì

Àwọn Yorùbá tí wọ́n kọ́kọ́ rí rédíò sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, orúkọ náà sì bá a mu. Bí a bá sọ fún ará Kòmu kan pé iná ń jó ọjà ní Òtu, yóò bi ẹni tí ó mú ìròyìn náà wá léèrè pé, “Ṣé ojú rẹ ni ó ṣe é, tàbí o gbọ́ ọ ni?” Bí ìdáhùn náà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò gun kẹ̀kẹ́ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bi àpótí léèrè ọ̀rọ̀?

Ní ọdún 1938, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní New York, Orson Welles ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún 23 sì ni. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni òun àti ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ń ṣe eré lórí rédíò CBS. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá, wọ́n ṣe The War of the Worlds, ìtàn tí H. G. Wells, ará Ìlú Ọba, tẹ̀ jáde ní ọdún 1898 nípa àwọn ẹ̀dá abàmì tí wọ́n ti Mars wá gbógun ti ayé.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n ṣe eré náà bí ẹni ń ka ìròyìn. Orin ijó ń dún lọ. Lójijì akéde dá a dúró, ó ní ohun kan já bọ́ láti ojú ọ̀run sí oko kan ní Grover's Mill, abúlé kan ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Nígbà tí ó ṣe, oníròyìn kan ń ròyìn láti inú oko náà bí àwọn ẹ̀dá abàmì ti ń fi iná jó ènìyàn. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ohùn rẹ̀ já, gbogbo rẹ̀ sì pa rọ́rọ́.

Lóòótọ́, wọ́n ti kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ pé eré ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbọ́ eré apanilẹ́rìn-ín ní ilé-iṣẹ́ rédíò mìíràn. Nígbà tí wọ́n yí i sí CBS, ariwo ogun ni wọ́n bá. Àwọn kan fi tẹlifóònù pe ọlọ́pàá, àwọn mìíràn pe ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹlòmíràn tilẹ̀ sá kúrò nílé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Hadley Cantril ti Yunifásítì Princeton wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn olùgbọ́, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1940. Àwọn kan yí rédíò wọn sí ibòmíràn; nígbà tí wọn kò gbọ́ ìró ogun níbẹ̀, ọkàn wọn balẹ̀. Àwọn kan sì yọjú lójú fèrèsé. Ẹni tí ó rí ọkọ̀ púpọ̀ ní títì ní àwọn ènìyàn ń sá àsálà. Ẹni tí kò rí ọkọ̀ kankan ní ogun ti ba ọ̀nà jẹ́. Ohun tí wọ́n rí yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìdájọ́ kan náà ni wọ́n dá, nítorí ẹ̀rù ti dájọ́ kí ojú tó ríran.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ gàdàgbà pé jìnnìjìnnì bo àwọn olùgbọ́ káàkiri. Àsọdùn pọ̀ nínú rẹ̀. Ní alẹ́ náà gan-an, ilé-iṣẹ́ kan tí ń ka iye olùgbọ́ ti béèrè ọ̀rọ̀ ní nǹkan bí 5,000 agboolé. Nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 2 péré ni ó ń gbọ́ eré Welles. Àwọn tí ń bá rédíò wí pé ó tan ènìyàn jẹ kò wádìí ọ̀rọ̀ tiwọn náà dé ìdí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òyìnbó nìkan ni èyí ń ṣe. Ní ọdún 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ wọ́n, síbẹ̀ àwọn òǹkàwé kan gbà pé obìnrin náà wà láàyè, wọ́n sì ń kọ̀wé sí olóòtú nítorí rẹ̀. Ti Èkó kò la ẹ̀mí lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì ọdún 1949, rédíò kan ní Quito, olú-ìlú Ecuador, ṣe irú eré ti Welles. Nígbà tí àwọn ará ìlú mọ̀ pé eré ni, ìbẹ̀rù wọn di ìbínú. Wọ́n ti iná bọ ilé náà, ẹ̀mí sì ṣòfò.

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n yọjú lójú fèrèsé náà lo ojú wọn, kò sì gbà wọ́n. Lónìí tí asọ̀rọ̀mágbèsì ti wọ inú àpò olúkúlùkù, kí ẹni tí ó bá fẹ́ wádìí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ mú ẹ̀rù kúrò lórí àga ìdájọ́.