A Dì Í, A Rẹ Ẹ́

Ìkòkò kan wà ní ilé ìdáná wa ní Houston tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi se ọbẹ̀. Tèmi àti ọmọ mi ọkùnrin ni. Òun la fi ń rẹ yóyò.

Yóyò oníke funfun ni mò ń wí, irú èyí tí wọ́n fi polycarbonate ṣe, tí ọmọ náà ń fi dárà lórí okùn láti àárọ̀ dalẹ́. Pedro Flores, ọmọ ilẹ̀ Filipíìnì tó dá ilé iṣẹ́ yóyò sílẹ̀ ní Santa Barbara, ní ìpínlẹ̀ California, lọ́dún 1928, igi ló fi gbẹ́ tiẹ̀. Ike ló gbòde báyìí, mi ò sì lè rí ike funfun kí ó má jọ ìgàn aṣọ tí a kò tíì rẹ lójú mi. Aláró ni ìyá bàbá mi, ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò èlú ni mo ti ṣe kékeré.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, aró aṣọ òwú ni mo rà. A se yóyò náà fún odidi wákàtí kan. Ìgbà tí a fi omi ṣàn án, gbogbo àwọ̀ bómi lọ. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun alẹ́. Ó dùn mí wọra, torí ó yẹ kí n mọ̀ pé ohun tí a fẹ́ rẹ ló ń yan aró. Òwú ń mumi, ike kì í mumi. Aró tí wọ́n ṣe fún polyester ló bá a lára mu, bíi Rit DyeMore. Bí omi bá ti gbóná tó nǹkan bí 85 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tó ń rú èéfín ṣùgbọ́n tí kò tíì hó, ike á dẹra, àwọ̀ á wọ inú rẹ̀. Bó bá tutù, ike á tún ara dì, àwọ̀ á há síbẹ̀.

A máa ń tú u sí méjì, a ó yọ ọ̀pá irin àárín rẹ̀, bíárìn, àti rọ́bà fẹ́lẹ́ tó ń gbá okùn mú. A ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, nítorí ibi tí ọ̀rá ọwọ́ bá kàn, àbàwọ́n ni.

Lẹ́yìn náà ló wá kan ibi tí mo fẹ́ràn jù. A ó kọ́kọ́ rẹ ẹ́ ní àwọ̀ ìyeyè. Ọmọ mi á mú rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó, á lọ́ ọ mọ́ ike náà, á fún un pinpin. Adìrẹ oníko gan-an nìyí, rọ́bà ló kàn dípò ìko. Ìyá bàbá mi máa ń fi àtàǹpàkò tẹ ojú ìdì kọ̀ọ̀kan wò kó tó rì í. Èmi náà ń tẹ̀ ẹ́ wò. A ó wá rì í sínú búlúù. Gbogbo rẹ̀ á di àwọ̀ ewé, àfi abẹ́ rọ́bà. Ibi tí ìdì bá ti dẹ̀ díẹ̀, búlúù á yọ́ wọlé, etí ìlà á wá rí bí etí ìyẹ́ adìẹ.

Aṣọ èlú máa ń jáde nínú ìkòkò bí ewé tútù, afẹ́fẹ́ á sọ ọ́ di aró lójú ẹni. Ike kò ní irú ìyanu yẹn. Ohun tí o bá fà yọ náà lo rí, kò sì ṣeé fọ̀ kúrò. Ìdí nìyí tí mo fi ka ìdì sí ju aró lọ. Ọjà la ti ń ra àwọ̀. Ibi tí a kò jẹ́ kí àwọ̀ dé, ọwọ́ ẹni ló ń ṣe é. Tẹ́lẹ̀, àwọ̀ wo la máa lò ni ọmọ mi máa ń bèèrè. Ibi tí a máa dì ló ń bèèrè báyìí.

Ní Sátidé tó kọjá, ó de ìdajì méjèèjì pọ̀, ó jù ú sílẹ̀. Bó ṣe ń yí nísàlẹ̀ okùn, gbogbo ìlà ìyeyè náà pòórá. Ó fà á gòkè, ó bà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, àwọn ìlà náà sì padà. Ó fi ìka kan ibi tí rọ́bà ti dẹ̀.

"Dádì, ẹ wo ibí yìí."