Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Ni Ibà Tí À Ń Fojú Di Yìí Ń Jẹ

Tí wọ́n bá ní ibà ń ṣe ẹnì kan, kí là ń wí? "Ṣebí ibà lásán ni!" Ọ̀rọ̀ "lásán" yìí ló ń bí mi nínú. Èmi tí mò ń kọ èyí, sẹ́kọ́ńdírì ni mo kà mọ, n kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo fojú rí, àti èyí tí mo fẹsẹ̀ rìn lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ gbọ́ ná. Àjọ elétò ìlera àgbáyé ní lọ́dún 2023, ibà pa èèyàn tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà 597 káàkiri ayé. Nínú ọgọ́rùn-ún òkú bẹ́ẹ̀, bí 31 ló jẹ́ ti Nàìjíríà níbí. Nínú ọgọ́rùn-ún tó sì kú nílẹ̀ Áfíríkà, 76 ni kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ṣé lásán nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ránṣọ n'Íbàdàn. Lọ́dún 2024 ló lóyún àkọ́kọ́. Nọ́ọ̀sì kan ló là mí lóye pé oyún àkọ́kọ́ ni ibà máa ń bá jà jù. Àgbàlagbà tí ẹ̀fọn ti ń jẹ láti kékeré, ara rẹ̀ ti mọ bí yóò ṣe bá ibà wọ̀yá ìjà. Ṣùgbọ́n tí obìnrin bá lóyún, kòkòrò ibà á lọ fara pamọ́ sínú ibi ọmọ, ara ìyá kò sì tíì bá a pàdé níbẹ̀ rí. Á máa jẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá, kò ní jẹ́ kí oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ ọmọ dáadáa. Nígbà mìíràn, ara ìyá lè má gbóná rárá. Òyì ni yóò máa kọ́ ọ, á kàn máa rẹ̀ ẹ́ ṣáá, wọ́n á ní oyún ló ń ṣe é.

Ohun tí gbogbo ilé sọ nípa ẹ̀gbọ́n mi gan-an nìyẹn. Ìyá ọkọ rẹ̀ se àgbo fún un: ewé dóńgóyárò, èèpo máńgòrò, ewé ìbẹ́pẹ. N ò bú àgbo o! Inú ewé ni àwọn ará Ṣáínà ti rí oògùn ibà tí gbogbo ayé ń lò báyìí, ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Tu Youyou sì gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí lọ́dún 2015. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn wọ̀n ọ́n, wọ́n mọ iye tó yẹ kéèyàn lò. Nínú àgbo tiwa, ife mélòó ni ti aláboyún? N ò tíì rí ẹni tó dá mi lóhùn.

Nígbà tí àgbo ò ràn án, ó rán ọmọṣẹ́ rẹ̀ sí kẹ́míìsì. Owó ọwọ́ rẹ̀ ò ká odidi páálí, ni oníkẹ́míìsì bá gé àbọ̀ fún un, ó bu oògùn ara ríro mọ́ ọn. Ara fúyẹ́ fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, ó ṣubú lulẹ̀ nídìí máṣíìnì.

Nígbà tá a gbé e dé ilé ìwòsàn (n ò ní dárúkọ wọn), àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun báláú. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀, ká wá páìǹtì méjì, ká sì kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ta ló gbà wá? Alájọ ni! Ọkùnrin yẹn kó gbogbo owó oṣù náà wá lóru, ó tún fi tirẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ aránṣọ dá ìyókù. Ẹ̀gbọ́n mi yè é, ó sì bímọ, àmọ́ ọmọ náà kéré bí ọmọ ológbò. Ìgbà tó pé oṣù mẹ́rin ni ọkàn wa tó balẹ̀.

Ẹ wá wo ibi tó ń dùn mí. Oògùn wà tí wọ́n fi ń dènà gbogbo èyí, Fansidar ni ọ̀pọ̀ yín mọ̀ ọ́n sí. Tí oyún bá ti wọ oṣù kẹrin, wọ́n á fún aláboyún ní hóró mẹ́ta, á gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà lójú nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn oṣù kan, á tún lo òmíràn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta kó tó bímọ. Ẹ̀gbọ́n mi lọ gba tirẹ̀ o! Wọ́n ní ó ti tán, kó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, aṣọ ẹbí ogójì èèyàn wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ bá a wí tẹ́ ẹ bá fẹ́, èmi ò lè bá a wí. Ẹni tó ń jẹun láti ọwọ́ dé ẹnu, báwo ni yóò ṣe ti ìsọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí hóró oògùn mẹ́ta?

Ọ̀rọ̀ nẹ́ẹ̀tì náà ńkọ́? Mo ti rí èyí tí wọ́n fi ṣọgbà yí ẹ̀fọ́ ká, mo ti rí èyí tí wọ́n fi ń bo ẹja. Ìyá kan ní, "Ọmọ mi, nínú yàrá kan tá a pé méje, tí kò sí iná, ìwọ wá sùn nínú rẹ̀ wò." Òótọ́ ló sọ, ooru ń mú. Ṣùgbọ́n òru ni ẹ̀fọn oníbà ń jáde, kì í ṣe oòrùn ọjà ló ń fa ibà, kì í ṣe epo. Bí nẹ́ẹ̀tì ò bá ká gbogbo ilé, ẹ jẹ́ kí aláboyún àti ọmọdé wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ fara mọ́ ọn.

Ti gìrì ló bà mí lẹ́rù jù. Bí ibà bá gun orí ọmọdé, gìrì lè mú un. Ìgbà yẹn làwọn kan ń sáré gbé ìgò àgbo ìtọ̀ màálù, wọ́n á yà á mọ́ ọmọ tí kò mọ ibi tó wà lẹ́nu. Ẹlòmíràn á ti ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná. Mo rí ọmọ kan ní wọ́ọ̀dù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bó yànmànkàn. Àwọn dókítà ti pariwo tipẹ́ pé àgbo yẹn ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ibà fúnra rẹ̀ sì ti ń fà á wálẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ lé ọmọ nílẹ̀, ẹ má ki nǹkan kan sí i lẹ́nu, ẹ gbé e, ó di ọsibítù!

Tí ara bá gbóná, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ná. Wọ́n kàn ń gún ìka ni, kò ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Tó bá jẹ́ ibà, oògùn ọjọ́ mẹ́ta ni, kẹ́ ẹ lò ó tán, ara ìbáà ti yá. Ẹ má béèrè kílórókúìnì tó ń mú ara yún yẹn mọ́, láti ọdún 2005 nìjọba ti yọ ọ́ kúrò lára oògùn tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ wo ibà, nítorí kòkòrò ibà ti gbó sí i.

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, agbowó orí yín mọ ọ̀nà ọjà dáadáa. Kí ló dé tí nọ́ọ̀sì kan ò lè gbé Fansidar wá lọ́jọ́ ọjà, kó jókòó lábẹ́ búkà ìyálọ́jà? Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kọ lẹ́tà sí wa: ní ìlera àdúgbò tiyín, ṣé oògùn aláboyún wà nílẹ̀, àbí "ó ti tán" làwọn náà ń wí? Ẹ kọ orúkọ àdúgbò àti ọjọ́ tí ẹ lọ sí i, a óò tẹ̀ ẹ́ jáde.