Ìyáálé Wa Lórí Pápá Káràté

Àwọn ọmọ kan bi wá léèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ló dé tí àwọn bàbá tí orúnkún ń dùn ṣì ń ta afẹ́fẹ́ nípàá kiri. Ó pa wá lẹ́rìn-ín lójú wọn, àmọ́ nígbà tí a délé, a rí i pé ìbéèrè náà tó dáhùn.

Fíìmù ló kó bá wa, ká má purọ́. Bruce Lee ti kú láti 1973, ṣùgbọ́n títí di 1983 ó ṣì ń jà lójú wa ní sinimá ní Kàdúná. Tí a bá ti ń bọ̀ láti sinimá, orógùn ìyá wa la ó gé sí méjì, a ó fi ṣéènì kẹ̀kẹ́ so ó pọ̀. Ẹni tó bá ní òun ò fi gbá ara òun lórí rí nínú wa, irọ́ ló ń pa. Ohun tí a ń wá nígbà náà ò ju bí a ó ṣe na ọmọ ẹlòmíràn lọ.

Sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kó wa jọ. Ẹ sáà mọ̀ pé sójà ò jìnnà sí wa níbí: NDA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, Afaka náà ló wà báyìí. Àárọ̀ kùtùkùtù la máa ń pàdé lórí pápá, láìwọ bàtà. Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ wa ni bí a ṣe ń dènà, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀ títí ó fi sú wa. Ó ní Funakoshi, tíṣà ará Okinawa tó gbé káràté lọ hàn wọ́n ní Tokyo ní 1922, kò fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ na ọwọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn kata wa àkọ́kọ́, ìyẹn eré ìjà tí èèyàn ń dá ṣe bí ẹni ń bá òjìji jà, ìdènà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀ láàrin wa. Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Nínú káràté, ẹni tó bá ṣáájú rẹ wọlé ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọjọ́ orí ò bá a wí. Ọmọkùnrin Ìgbò kan wà, kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, ó ṣáájú ọmọ Ọ̀fà kan tó ti bímọ mẹ́ta. Báwo ni bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta ṣe máa tẹ̀ ba fún ọmọdé? Bàbá náà kò wá sí pápá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyàwó rẹ̀ ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, “Ṣebí bó ṣe rí láàrin àwa ìyàwó ilé náà nìyẹn? Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni ìyáálé, ìyàwó tó dé lẹ́yìn ì báà jù ú lọ́jọ́ orí. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe ìyàwó díẹ̀, ká wò ó.” A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa. Láti ọjọ́ náà la ti ń pe ẹni tó bá ṣáájú wa ní ìyáálé. Lórí pápá, bàbá ń tẹ̀ ba fún ọmọ, tí a bá ti wọ bàtà wa tán, ọmọ á ní “Ẹ káàárọ̀ sà.”

Ọmọ alápatà kan wá dara pọ̀ mọ́ wa, Hausa ni. Bàbá rẹ̀ ti ja dambe nígbà ọ̀dọ́, nítorí àwọn alápatà ló ni ìjà yẹn látijọ́. Ọwọ́ kan ni wọ́n ń fi okùn wé, òun ni ọ̀kọ̀, èkejì ni asà. Tí ẹnì kan bá ṣubú, wọ́n á ní wọ́n ti pa á. A sọ fún bàbá náà pé gídígbò tiwa náà ò jìnnà sí i, pé ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀, ó parí. Ó dìde nínú ilé rẹ̀, ó di ọ̀kan nínú wa mú, ó sì gbé e ṣánlẹ̀ lórí ẹní. Ọ̀rẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti inú ilé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ ìtìjú. Ọ̀kan nínú wa tó ti gba bẹ́líìtì dúdú gbá ìyàwó rẹ̀ létí. Ọ̀gá gbọ́, ó tú bẹ́líìtì náà lára rẹ̀ lójú gbogbo wa, ó sì fún un ní funfun. Ọdún kan gbáko ló fi wà lẹ́yìn àwọn ọmọ kéékèèké. Kò kúrò. Ìyàwó rẹ̀ ṣì wà pẹ̀lú rẹ̀ dòní.

Ó wá di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejì, 2000. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kàdúná nígbà ìjà Ṣàríà, ẹ ò nílò àlàyé. A sá pọ̀ sínú ọgbà kan, ìró ń dún, èéfín ń rú. Ìyáálé wa àgbà, ẹni tó kọ́kọ́ wọlé nínú gbogbo wa, ní àbúrò òun obìnrin wà lọ́jà, ká bá òun lọ wá a. Ọ̀gá ní kò sí ìdènà fún pẹtiróòlù, ká jókòó. A jókòó. Òun nìkan ló lọ.

Bàbá alápatà yẹn ló wá kó àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ wa sínú ilé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó gbé àga sẹ́nu géètì, ọ̀bẹ ẹran wà lórí itan rẹ̀, kò sì gbé e sókè sí ẹnikẹ́ni. Àbúrò tí ìyáálé wa ń wá ti wà láàbò lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Òun ló dé lọ́jọ́ kẹta pẹ̀lú ọgbẹ́ àdá ní apá òsì, ìka rẹ̀ kò sì nà mọ́.

Ọ̀pọ̀ Krístẹ́nì kọjá odò lọ sí gúúsù ìlú lẹ́yìn ìyẹn. Òun kò lọ, Mando ló wà, ṣùgbọ́n kò kí wa mọ́. Ó ní ojo ni wá. A ti jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí láàrin ara wa títí ó fi sú wa. Àwọn kan ní tí a bá lọ, òkú ni wọn ì bá kó wálé. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n káràté ní ká má kọ́kọ́ na ọwọ́, kò ní ká má bá arákùnrin wa lọ. A ti mọ bí a ṣe ń kó ara wa níjàánu débi pé lọ́jọ́ náà, a ò mọ èwo ni ìjánu, èwo ni ẹ̀rù. Ọ̀gá kú láìsọ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Nígbà tí wọ́n jí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kàndínlógójì gbé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì igbó ní Afaka ní oṣù kẹta 2021, a fi pápá àárọ̀ sílẹ̀. Inú ọgbà la ti ń ṣe é báyìí, lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Ásárì. Ibẹ̀ la wà ní ọdún tó kọjá tí géètì fi ṣí. Ìyáálé wa ni, ó di ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin mú lọ́wọ́, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kò kí wa. Ó ní ọmọ náà ló fẹ́ kọ́ ọ, ó ti rí i lórí fóònù.

Gbogbo wa dákẹ́. Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ a mọ òfin: ẹni tó ṣáájú wa wọlé ló dé. A tò, a kó ẹsẹ̀ jọ, a tẹ̀ ba fún un, àwa bàbá arúgbó mẹ́fà àti àwọn ọmọdé lẹ́yìn wa. Ó dúró, ó pẹ́ kó tó ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ba, ọwọ́ òsì rẹ̀ tí kò nà kò le dúró gbọọrọ lẹ́bàá itan rẹ̀. Nígbà tó gbórí sókè, ẹsẹ̀ wa ló ń wò.

Ó ní, “Ta ló kọ́ yín ní irú ìdúró yẹn?”

Gbogbo Sátidé ló ń mú ọmọ náà wá báyìí. Ó ń jókòó sórí àga lábẹ́ igi dongoyárò, ó ń bú wa lórí orúnkún wa.