Ẹ̀rín Nínú Ìwé Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì ti fi kọ́ ọmọ ilé ìwé lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ibi tí ìtumọ̀ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára jù lọ ni Auckland Park, àdúgbò kan ní ìlú Johannesburg, ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà. Ohun tí ó sì là á yé mi níbẹ̀ ni ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, irú èyí tí ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, tí kì í sì í ta ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀.

Auckland Park kò jìnnà sí àárín ìlú. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ti ìjọba ilẹ̀ náà, tí à ń pè ní SABC, fìdí kalẹ̀ sí. Ibẹ̀ náà ni ọ̀kan wà nínú àwọn ọgbà Yunifásítì ìlú Johannesburg, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2005 nígbà tí a da Rand Afrikaans University pọ̀ mọ́ Technikon Witwatersrand. Ẹ̀kọ́ ni ó gbé mi dé ibẹ̀ ní ọdún 2023. Àdúgbò náà dùn ún wò, pàápàá ní oṣù October, nígbà tí igi jakaranda bá tan òdòdó elésè àlùkò sí ẹ̀bá títì. Ṣùgbọ́n ògiri ilé ga níbẹ̀, wáyà oníná wà lórí ògiri, bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú ni olúkúlùkù ti ń ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀rù olè ni ó fa èyí, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe lásán. Ohun tí ó dùn mí ni pé lójú ẹlòmíràn níbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà àti ọ̀daràn jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Bí mo bá ti dárúkọ ilẹ̀ mi, a fa àpò rẹ̀ mọ́ra. N kò lè sọ pé kò sí ọ̀daràn nínú wa, ó wà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan dá gbogbo ẹbí lẹ́jọ́, a mọ ohun tí í gbẹ̀yìn rẹ̀. Ní oṣù May ọdún 2008, àwọn ènìyàn dìde sí àlejò ní Johannesburg àti ní àwọn ìlú mìíràn. Ẹ̀mí tí ó bá a lọ lé ní 60. Ní oṣù September ọdún 2019, wọ́n tún kó ṣọ́ọ̀bù àwọn àlejò, wọ́n dáná sun òmíràn, títí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Air Peace fi gbé ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà padà wá sílé lọ́fẹ̀ẹ́. Kí wọ́n tó sọ iná sí ṣọ́ọ̀bù, ta ni ó bi oníṣọ́ọ̀bù léèrè ohun tí ó ṣe?

Ìyá àgbà kan, ọmọ Tswana, ń gbé nínú ọgbà ilé tí mo wọ̀ sí. Mma ni mo ń pè é, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Òun ni ó yá mi ní ìwé The No. 1 Ladies' Detective Agency, tí Alexander McCall Smith kọ, tí ó sì jáde ní ọdún 1998. Ìlú Bulawayo ni a bí òǹkọ̀wé náà sí ní ọdún 1948. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin ní Edinburgh, ó sì ti kọ́ni ní òfin ní Yunifásítì Bòtswánà pẹ̀lú. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Precious Ramotswe ni ẹ̀dá ìtàn náà. Bàbá rẹ̀, Obed, fi ọ̀pọ̀ ọdún wa kùsà ní Gúúsù Áfíríkà, eruku ibẹ̀ sì ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Màlúù tí bàbá fi sílẹ̀ ni ọmọ tà, tí ó fi dá ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sílẹ̀ ní Gaborone. Tíì ni ó máa ń bu fún ẹni tí ó bá ní ẹjọ́, a sì jókòó gbọ́ ọ dé òpin. Akọ̀wé rẹ̀, Mma Makutsi, gba máàkì 97 nínú 100 ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn akọ̀wé, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́, ta ni kò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú yàrá àwọn olùkọ́?

Ní ọdún náà iná mànàmáná kì í dúró ní Johannesburg. Bí iná bá lọ, èmi àti Mma a gbé àtùpà sí ìta, èmi a sì máa kàwé sókè fún un, nítorí ojú rẹ̀ kò gbé lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ọgbà náà tí kì í dá mi lóhùn bí mo bá kí i. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó wá jókòó lórí àkàsọ̀, ó ń gbọ́. A ti dé ibi ìtàn dókítà kan tí ó mọṣẹ́ lónìí, tí kò sì mọ nǹkankan lọ́la. Ìdí rẹ̀ ni pé ìbejì ni wọ́n: ọ̀kan kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, èkejì kò kọ́ ọ, wọ́n sì jọ ń jẹun lórí ìwé ẹ̀rí kan ṣoṣo. Mo sọ fún wọn pé bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ Yorùbá ni, ìbéèrè tí aláìsàn kan yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, “Dókítà, Táyé ni yín tàbí Kẹ́yìndé?” Mo ṣàlàyé bí Táyé ti wá tọ́ ayé wò, tí Kẹ́yìndé sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Láti ọjọ́ kejì, “Kẹ́yìndé” ni ó ń pè mí, òun ni ó sì ń kọ́kọ́ kí mi.

N kò sọ pé ìwé kan lè pa iná ìkórìíra. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ó fi ẹni tí ìwà rẹ̀ kò gún hàn wá ní ìbẹ̀rẹ̀, òǹkàwé sì ti ń nà án níka. Nígbà tí ìwé bá fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ọ̀rọ̀ á yọ pé àjèjì tí gbogbo ènìyàn ń bá wí kò mọ̀wọ́ mẹsẹ̀, aládùúgbò tí a fọkàn tán ni ó ṣe é. Ẹni tí ó bá rí èyí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú ìwé yóò lọ́ra díẹ̀ kí ó tó dá ènìyàn lẹ́bi ní ìta. Ẹ̀rín ni ó sì jẹ́ kí ẹ̀kọ́ náà ṣeé gbé mì, bí oyin nínú àgbo.

Àwọn kan yóò wí pé irọ́ ni irú ìwé bẹ́ẹ̀, pé ẹjọ́ ìpànìyàn kì í yanjú níbi ife tíì. Òótọ́ ni wọ́n wí. Ṣùgbọ́n òǹkàwé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń wá ni sùúrù ẹni tí ń wádìí, àti ìdánilójú pé òtítọ́ ṣì tọ́ sí wíwá. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àgbà obìnrin tí ó mọ àdúgbò rẹ̀ dunjú ni ó sábà ń ṣe iṣẹ́ náà: Miss Marple ti Agatha Christie, tí ìwé àkọ́kọ́ gígùn lórí rẹ̀ jáde ní ọdún 1930, àti Tannie Maria ti Sally Andrew, ní ọdún 2015, tí ń kọ ìmọ̀ràn àti bí a ti ń se oúnjẹ sínú ìwé ìròyìn ní Ladismith ní Gúúsù Áfíríkà. Irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní agbo ilé wa.

Àwa náà kò ṣe aláìní. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù ní ọdún 1969 àti Àgbàlagbà Akàn ní ọdún 1971; Kọ́lá Akínlàdé kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? ní ọdún 1971. Ìbọn àti olè pọ̀ nínú ti Òkédìjí ju ti obìnrin Gaborone lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ẹnu Lápàdé àti Tàfá Ìgíripá tí kò rẹ́rìn-ín, kí ó lọ yẹ ara rẹ̀ wò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe ka ìwé wọ̀nyí sí ohun ìfàkókòṣòfò. Ẹ fi wọ́n sínú àpótí ìwé kíláàsì yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí àwọn ọmọ kọ tiwọn ní èdè Yorùbá, láìsí òkú nínú rẹ̀: ewúrẹ́ tí ó sọnù, tàbí owó ẹgbẹ́ tí ó dín. Kí òfin rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan: a kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹni tí ó ṣe é títí gbogbo ẹni tí a fura sí yóò fi ti ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.