Ewúrẹ́ Tó Jẹ Ọ̀rá

Ìtìjú ni ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ fún mi, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n sọ ọ́, kó má baà ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì.

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni mò ń gbé níbí, ní Òwu-Ìsin. Wọn kì í fi nǹkan ṣòfò rárá. Omi tí wọ́n bá fi ṣan ẹ̀wà, ìdí ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń dà á sí. Èèpo iṣu, ti ewúrẹ́ ni. Tí ọbẹ̀ bá ti jinná, kíá ni wọ́n á yọ igi kúrò lábẹ́ ìkòkò, wọ́n á bu omi pa á, kó lè wúlò lọ́la. Wọn kì í gé igi tútù; ẹ̀ka tó bá já lulẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń ṣà. Òrí ni wọ́n ń tà, wọ́n sì mọ̀ pé igi òrí lè lo ọdún 10 sí 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Ẹni tó fẹ́ sun èédú á sì gé e lulẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti abọ́. Tí ọjọ́ ọjà bá pé, wọ́n á kó abọ́ onídèérí méjì àti ìgò epo sínú apẹ̀rẹ̀ fún mi. Ewé ni kí n gba irú sí, abọ́ ni kí n gba ata sí. Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi ló ń gba ọ̀rá, èmi nìkan ni mò ń ru abọ́ kiri bí ẹni tó ń lọ síbi ìnáwó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "Ọmọ Ahun". Ó dùn mí gan-an.

Ni mo bá dá ọgbọ́n kan. Mo máa ń gba gbogbo nǹkan sínú ọ̀rá lọ́jà. Tí mo bá dé ẹ̀yìnkùlé, màá dà wọ́n sínú abọ́, màá ju ọ̀rá sínú igbó, màá wá wọlé bí ọmọ gidi. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

A ní abo ewúrẹ́ kan nígbà náà. Ìyá àgbà ti sọ pé òun la máa tà tí owó WAEC mi bá tó san. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, tí koríko gbẹ, ewúrẹ́ yìí dédé dákẹ́ oúnjẹ. Inú rẹ̀ wú. Kò jẹ àpọ̀jẹ mọ́. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tó fi kú.

Ìyá àgbà ní kí aládùúgbò wa kan là á, ká lè mọ ohun tó pa á. Hàà! Ọ̀rá ló kún inú rẹ̀, tó lọ́ mọ́ra bí okùn. Mo rí ọ̀rá dúdú kan tí kókó tí wọ́n ta sí i lọ́jà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá àgbà wò mí. "Ta ló ń mú ọ̀rá wálé?" Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́.

Wọn ò nà mí. Wọ́n kàn ní, "Ohun a ní là á náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Àbẹ̀kẹ́, èmi kì í ṣe ahun. Ohun tí mi ò bá sọ nù kò lè padà wá bá mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń rò láti ìgbà náà. Ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá, inú ewúrẹ́ ò lè lọ̀ ọ́. Ilẹ̀ pàápàá ò tètè jẹ ẹ́. Tí a bá sun ún, èéfín burúkú la ó fà símú. Ewé tí wọ́n fi pọ́n irú ńkọ́? Tí a bá sọ ọ́ sílẹ̀, á jẹrà, á sì di ajílẹ̀. Mo ti rò pé àìlajú ló ń yọ ìyá àgbà lẹ́nu, àṣé ibi tí wọ́n wà ni ayé ń padà bọ̀. Orílẹ̀-èdè Rwanda ti fòfin de ọ̀rá láti ọdún 2008. Kenya ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2017. Ní Nàìjíríà níbí, ìjọba Èkó fòfin de abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí ní oṣù kìíní ọdún 2024. Òfin ló mú àwọn yẹn ṣe é. Ìyá àgbà ò dúró de òfin.

Mi ò sọ pé mi ò mu píọ̀ wọ́tà mọ́ o. Tí òùngbẹ bá gbẹ mí lọ́nà, mo máa ń mu ún, ṣùgbọ́n inú àpò mi ni ọ̀rá rẹ̀ ń wọ̀. Mo ka ọ̀rá tó wọ ilé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá: mẹ́rin péré ni. Tẹ́lẹ̀, èmi nìkan máa ń gba ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ ọjà kan.

A san owó WAEC. Owó òrí tí ìyá àgbà ń tọ́jú láti fi pààrọ̀ páànù ilé ni wọ́n fi san án. Páànù ọ̀hún ṣì ń jò. Tí òjò bá ń rọ̀ lóru, èmi ni mo máa ń dìde gbé abọ́ síbi tó ń jò, abọ́ kan náà tó ń tì mí lójú tẹ́lẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, láti ọjọ́ Ajé, ẹ jẹ́ ká máa mú abọ́ wa lọ bá àwọn ìyá tó ń ta oúnjẹ fún wa nílé-ìwé. Tí ẹnì kan bá pè yín ní ahun, ẹ ní kó wá ka ìwé yìí lára ògiri.