AKÍNTỌ́LÁ GBALẸ̀ L'ÁJAH, EÈRÀ Ò JẸ́ KÍ KÒKÒRÒ RÍ I MÚ

Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Lẹ́kì lọ sí Ajah, ilé aláràbarà ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì. Àmọ́ kó wo àárín ilé sí ilé dáadáa. Ibi tí wọ́n ra ilẹ̀ sí tí wọn ò tíì kọ́, ewé Akíntọ́lá-takú ti gbabẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ díẹ̀ síbẹ̀, kó lè rí nǹkan gbé lọ sọ́jà Ajah, yóò gé e títí, òjò á rọ̀, yóò tún yọrí.

Ewé náà kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa o. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá. Inú irúgbìn igi gmelina tí wọ́n kó láti Sri Lanka ni wọ́n ní ó fara pamọ́ sí tó fi wọ Nàìjíríà ní 1937. Àwọn elewé-ọmọ ò ní bú u, torí ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Káfíńtà tí ayùn bá gé lọ́wọ́, òun ló ń rún sí i. Àmọ́ ọ̀tá àgbẹ̀ ni. Tó bá gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, iná ń ràn mọ́ ọn bíi pé wọ́n da kẹrosín sí i.

Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ dá ọgbọ́n kan. Wọ́n mú àfòpiná kan tó ń jẹ́ Pareuchaetes wá láti ìdílé rẹ̀ ní Trinidad, wọ́n tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kí ọmọ rẹ̀ máa jẹ Akíntọ́lá nìkan. Ọgbọ́n náà dáa, àmọ́ kòkòrò ọ̀hún ò rí ẹsẹ̀ múlẹ̀.

Eèrà wà lára àwọn tí ẹ̀bi já lé. Ṣé ẹ mọ̀ pé àfòpiná yìí ń yé ẹyin rẹ̀ jọ síbì kan lára ewé, bí ìyá aláta ṣe ń to ata jọ? Eèrà á kàn dé, oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni. Èyí tó bá yè, òru ló ń jẹun. Tílẹ̀ bá mọ́, á sọ̀ kalẹ̀ lọ sápamọ́ sínú ewé gbígbẹ nídìí igi. Ibẹ̀ gan-an sì ni eèrà ń gbé! Ó sá fún oòrùn, ó kó sílé ọ̀tá.

Àwọn ará Ghana náà kọ́kọ́ gbìyànjú, kò bọ́ sí i. Wọn ò jáwọ́. Ní àwọn ọdún 1990 wọ́n tú u sílẹ̀ rẹpẹtẹ lágbègbè Ashanti, ó sì gbilẹ̀. Bí ọjà bá pọ̀ jù, olè ò lè kó o tán.

Nítorí náà, ẹni tó nílẹ̀ l'Ájah, kó má dúró de kòkòrò. Kó hú Akíntọ́lá tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kí ọyẹ́ tó dé, torí atẹ́gùn ló ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri. Ẹni tó bá sì fẹ́ rán àlejò níṣẹ́, kó kọ́kọ́ wo ẹni tó lúgọ sójú ọ̀nà.